Ẹmu tó ṣẹ́kù nírọ̀lẹ́ kì í ṣe ohun àdànù: Owó wà nínú rẹ̀ fún ẹlẹ́mu, oníbúrẹ́dì àti olóúnjẹ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ nírọ̀lẹ́ ni ẹlẹ́mu máa ń mọ bí òwò òun ṣe rí gan-an. Láti òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ẹmu ti dé láti oko. Adẹ́mu ti gba owó rẹ̀, ó ti padà sídìí ọ̀pẹ. Ẹlẹ́mu ti sẹ́ ẹmu, ó ti rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ó ti gbé bẹ́ǹṣì síta. Bí ojú ọjọ́ bá dáa, àwọn tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀ yóò yà ní nǹkan bí aago márùn-ún, wọn yóò jókòó, ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ti bọ́ọ̀lù yóò bẹ̀rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì yóò sì máa fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ bí òjò bá ṣú, olúkúlùkù yóò gba ilé rẹ̀ lọ. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́jọ alẹ́, ẹmu ṣì wà nílẹ̀, ẹni tó máa mu ún ni kò sí.

Bó ṣe ń rí ní Àkúrẹ́ náà ló ń rí ní Oǹdó, nítorí pé ìlú méjèèjì ni ẹmu kò ti jìnnà sí ìgboro. Oko kòkó àti oko ọ̀pẹ ló yí wọn ká, ẹmu tó bá kúrò lórí ọ̀pẹ láàárọ̀ lè dé iwájú oníbàárà kó tó di ọ̀sán. Bó ṣe ń tètè dé náà ló ṣe ń tètè kan. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́mu ló máa ń da èyí tó bá kù sí gọ́tà. Àwọn mìíràn á bù ú fún ẹni tó bá ń kọjá lọ. Àwọn kan á pa á pọ̀ mọ́ ẹmu tuntun lọ́jọ́ kejì, wọn á fi sákárínì bo kíkan rẹ̀ mọ́lẹ̀. Oníbàárà tó mọ ẹmu mu yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò ní jà, kò ní sọ̀rọ̀, ibòmíràn ni yóò máa yà sí láti ọjọ́ náà lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi owó tó rọrùn ṣe ìṣirò rẹ̀, kì í ṣe pé iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà nìyí. Ká ní ẹlẹ́mu kan ra kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ní náírà 5,000, ó sì ń ta lítà kọ̀ọ̀kan ní náírà 250. Bó bá tà á tán, náírà 6,250 ni yóò wọlé, èrè rẹ̀ jẹ́ 1,250. Àmọ́ bí lítà márùn-ún péré bá ṣẹ́kù, náírà 5,000 gééré ló máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó tó fi ra ọjà nìyẹn. Láti àárọ̀ dalẹ́ tó fi jókòó, ọ̀fẹ́ ló ṣe é. Ìdá kan nínú márùn-ún ọjà ló kù sílẹ̀ o, gbogbo èrè ló sì bá a lọ. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹmu àṣẹ́kù ju ohun tí èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ.

Bí ẹni náà bá wá rí oníbúrẹ́dì tàbí olóúnjẹ tó máa gba lítà márùn-ún yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdajì owó, náírà 625 ni yóò gbà. Ìdajì èrè rẹ̀ ti padà wálé.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ni oníbúrẹ́dì fẹ́ fi ẹmu àná ṣe. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú fòó tó máa ń wà lójú ẹmu. Omi tó ń kán láti inú ọ̀pẹ tàbí ògùrọ̀ kì í ṣe ọtí nígbà tó kọ́kọ́ jáde, omi dídùn lásán ni. Àmọ́ yíìsì tó wà nínú afẹ́fẹ́, lára agbè àti lára ọ̀pẹ fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kó sinmi. Wọ́n á wọ inú rẹ̀, wọ́n á máa jẹ ṣúgà inú rẹ̀, wọ́n á sì máa sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń hó, òun ló ń ta ìdérí kẹ́ẹ̀gì dànù tí wọ́n bá dé e pa. Òun kan náà ló sì ń mú kí búrẹ́dì wú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumbe Bassir ti Yunifásítì Ìbàdàn gbé ìwádìí jáde ní ọdún 1962 lórí bí ẹmu ṣe ń yí padà láti adùn sí kíkan. Ní ọdún 1972, Nduka Okafor náà gbé tirẹ̀ jáde lórí àwọn yíìsì tó wà nínú ẹmu láti oríṣiríṣi apá Nàìjíríà. Nínú àwọn yíìsì tí àwọn onímọ̀ máa ń bá nínú ẹmu ni èyí tí wọ́n ń pè ní Saccharomyces cerevisiae. Irú rẹ̀ gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń gbẹ, tí wọ́n ń dì sínú sáṣẹ́ẹ̀tì àti páálí, tí oníbúrẹ́dì ń fi owó rà. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹlẹ́mu ń dà sí gọ́tà ní ọ̀nà kan náà ni oníbúrẹ́dì ń lọ fi owó rà ní ìsọ̀ kejì.

Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì nígbà àtijọ́ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ èyí dáadáa. Kí yíìsì inú páálí tó wọ́pọ̀, ẹmu ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń po fúláwà, pàápàá ní ilẹ̀ Gánà. Nígbà tí yíìsì gbígbẹ dé, tó jẹ́ pé wákàtí kan tàbí méjì ló fi ń ṣe iṣẹ́ tí ẹmu ń fi òru ṣe, wọ́n pa ẹmu tì. Kò sẹ́ni tó lè dá wọn lẹ́bi, nítorí pé oníṣòwò ni wọ́n, àkókò sì ni owó.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà tún yẹ ní gbígbé yẹ̀wò ni bí nǹkan ṣe rí fún àwọn oníbúrẹ́dì ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì ní Nàìjíríà ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí bí owó fúláwà, ṣúgà àti àwọn èròjà mìíràn ṣe ń lọ sókè. Lẹ́yìn èyí, owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, náírà sì já wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún kan náà. Àwọn ilé búrẹ́dì kéékèèké tó ń lo ààrò onígi, tí kò ní owó rẹpẹtẹ nílẹ̀, ni ìyà rẹ̀ jẹ jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dín búrẹ́dì kù títí tí oníbàárà fi ń fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tó bá rò pé nítorí owó yíìsì nìkan ni òun ṣe máa lo ẹmu, èrè rẹ̀ kò ní pọ̀. Kílò fúláwà kan máa ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá lítà omi. Bí wọ́n bá fi ẹmu rọ́pò ìdajì omi yẹn, lítà márùn-ún ẹmu yóò po nǹkan bí kílò 16 fúláwà, ìyẹn bí ìdá mẹ́ta àpò oníkílò 50. Yíìsì gbígbẹ tí irú fúláwà bẹ́ẹ̀ ì bá gbà kò ju nǹkan bí gíráàmù 160 lọ. Owó díẹ̀ nìyẹn nínú ìnáwó ilé búrẹ́dì. Ṣúgà náà yóò dín díẹ̀ bí ẹmu náà bá ṣì dùn, àmọ́ ẹmu alẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́.

Ibi tí èrè wà ni adùn búrẹ́dì náà. Búrẹ́dì tí ẹmu wú lóru máa ń ní òórùn àti adùn tí yíìsì wákàtí kan kò lè fún un, ó máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu lọ́nà tó fani mọ́ra, àwọn àgbàlagbà tó jẹ irú rẹ̀ rí lè rántí. Búrẹ́dì tó bá ní adùn tirẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì yàtọ̀, kò ní bá àwọn ilé búrẹ́dì ńlá jà lórí iye owó. Òun nìkan ló wà ní ìsọ̀ tirẹ̀. Fún ilé búrẹ́dì kékeré, ìyẹn ṣe pàtàkì ju gíráàmù 160 yíìsì lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le, sùúrù ló gbà. Ẹmu ọjọ́ náà gan-an ló dára jù, èyí tó ti hó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó ṣì ń yọ fòó. Wọ́n á fi asẹ́ tó mọ́ sẹ́ ẹ, kí kòkòrò àti pàǹtí kúrò, àmọ́ wọn kò ní da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tó wà nísàlẹ̀ nù, nítorí pé inú rẹ̀ ni yíìsì pọ̀ sí jù. Wọ́n á kọ́kọ́ po ẹmu náà mọ́ fúláwà díẹ̀ àti ṣíbí ṣúgà kan, kó rí bí ògì tó ki, wọ́n á sì bò ó fún wákàtí kan tàbí méjì. Bó bá wú tó sì kún fún ihò kéékèèké, ẹmu náà dáa. Bó bá dákẹ́ lọ gbári, kí wọ́n má wulẹ̀ fi fúláwà ṣòfò, kí wọ́n tètè mú yíìsì páálí. Ìgbà tí wọ́n bá rí i pé ó ń hó ni wọ́n á wá da ìyókù fúláwà, omi, iyọ̀ àti ọ̀rá sí i, wọ́n á pò ó, wọ́n á sì fi sílẹ̀ láti alẹ́ di òwúrọ̀. Omi gbígbóná kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, ìlọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Omi tó bá lè bó ọwọ́ yóò pa yíìsì.

Níbí yìí ni sákárínì ti máa ń tú àṣírí ara rẹ̀. Sákárínì dùn lẹ́nu èèyàn, àmọ́ yíìsì kò rí ohun kankan jẹ nínú rẹ̀. Ẹmu tí wọ́n ti bomi là, tí wọ́n fi sákárínì tún ṣe, lè dùn títí kó sì funfun títí, kò ní gbé fúláwà dìde. Oníbúrẹ́dì tó bá ń lo ẹmu kò nílò kó bá ẹlẹ́mu jiyàn lórí bóyá ojúlówó ni ọjà rẹ̀, abọ́ fúláwà lórí tábìlì yóò dá ẹjọ́ náà láàárín wákàtí méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹmu inú ìgò. Àjọ NIFOR tó ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀pẹ lẹ́bàá ìlú Benin, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1939, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń rọ ẹmu sínú ìgò. Kí irú ẹmu bẹ́ẹ̀ má baà kan, wọ́n máa ń fi iná mú un gbóná lẹ́yìn tí wọ́n bá dé e, yíìsì inú rẹ̀ á sì kú. Ó ṣe é mu, ó ṣe é fi se ọbẹ̀, àmọ́ kò wúlò fún búrẹ́dì.

Ẹni tí kò ní ààrò lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pọ́fù-pọ́fù. Kílò kan fúláwà, lítà ẹmu tí kò tó ìdajì, omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ tó máa jẹ́ kó ki bó ṣe yẹ, ṣúgà bí gíráàmù 150 àti iyọ̀ díẹ̀. Wákàtí méjì sí mẹ́ta níbi tó móoru, epo gbígbóná, ó parí. Àwọn obìnrin tó ń dín pọ́fù-pọ́fù lẹ́bàá ilé-ìwé láàárọ̀ lè pò ó sílẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí wọ́n fi ẹmu díẹ̀ sí i kó má baà tètè wú jù, nígbà tí wọ́n bá jí ní aago márùn-ún, ó ti ń dúró dè wọ́n.

Ti ẹran náà kò ṣòro. Ẹmu tó ti kan díẹ̀ máa ń mú kí ẹran ewúrẹ́ àti ẹran ìgbẹ́ rọ̀, ó sì máa ń dín òórùn rẹ̀ kù. Wákàtí méjì nínú ẹmu, pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata àti iyọ̀, ti tó, bó bá pẹ́ jù, ara ẹran á máa fọ́ bí ìyẹ̀fun. Ìgbín tí wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ láti yọ ìkùn rẹ̀, ẹmu tó ti kan gan-an lè bá wọn ṣe nínú iṣẹ́ náà, nítorí pé kíkan ló ń ṣe é. Oníbùkà tó ń ra ọsàn wẹ́wẹ́ lójoojúmọ́ mọ iye tíyẹn jẹ́. Ohun kan tí kò yẹ kí wọ́n gbàgbé ni pé wọn kò gbọ́dọ̀ rẹ ohun kíkan sínú ìkòkò álúmíníọ̀mù, ó máa ń jẹ irin rẹ̀. Abọ́ oníkẹ́, ike tó dáa tàbí ìkòkò amọ̀ ló yẹ.

Àwọn ará ibòmíràn ti fi irú ohun báyìí ṣe òwò tipẹ́. Ní Kerala ní ilẹ̀ Íńdíà àti ní Sri Lanka, ẹmu àgbọn ni wọ́n fi ń wú ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní appam, tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀. Ní Goa, ẹmu tó ti kan di fíníga ni wọ́n ń fi se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ aláta tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní Philippines, fíníga ẹmu àgbọn wà ní orí àtẹ ọjà, wọ́n ń rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n ń kó o lọ sí òkèèrè. Kò sí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn tí kò sí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àfi pé wọ́n ti sọ ọ́ di ọjà tó ní ìgò àti orúkọ.

Fíníga yìí gan-an ni ẹmu tí kò bá rí ibi lọ fún ọjọ́ méjì yóò dà fúnra rẹ̀. Louis Pasteur ará Faransé ló ṣàlàyé rẹ̀ ní àárín ọdún 1860 sí 1868, pé ohun abẹ̀mí tíntìntín kan ló ń sọ ọtí di fíníga nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dé ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é yóò rọ ẹmu tí a ti sẹ́ sínú ìkòkò amọ̀ tàbí ìgò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kò ní kún dé ẹnu, yóò fi aṣọ funfun tó mọ́ so ẹnu rẹ̀ kí eṣinṣin má wọlé, yóò sì gbé e síbi tí oòrùn kò ti ní pa á. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, òórùn ọtí yóò lọ, kíkan gidi yóò dé. Awọ fẹ́lẹ́ kan lè bo ojú rẹ̀, kò léwu, òun ni ìyá fíníga, wọ́n lè fi bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àmọ́ bí èébù aláwọ̀ ewé tàbí dúdú bá hù lójú rẹ̀, kí wọ́n dà á nù. Èyí tó bá dára, wọ́n á sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á mú un gbóná díẹ̀ láì jẹ́ kó hó, wọ́n á sì rọ ọ́ sínú ìgò tí wọ́n ti sè.

Fún ilé àti fún bùkà, ó parí síbẹ̀: kí wọ́n fi ṣe sáláàdì, kí wọ́n fi rẹ ẹran, kí wọ́n fi fọ ẹja. Títà á nínú ìgò jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìwọ̀n kíkan fíníga kò gbọ́dọ̀ dín sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ahọ́n kò sì lè wọn ìyẹn. Ẹni tó bá sì fi fíníga tí wọn kò wọ̀n tọ́jú ata tàbí ẹ̀fọ́ sínú ìgò lè tọ́jú àìsàn mọ́ ọn. Yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ìmọ̀ oúnjẹ. Irú ibẹ̀ ni ó yẹ kí oníṣòwò tó fẹ́ ṣe é dé ojú ọjà lọ béèrè ọ̀rọ̀, kó tó ná owó lórí ìgò àti lébẹ́ẹ̀lì. Oúnjẹ tí wọ́n bá sì dì fún títà gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà NAFDAC. Àwọn tó ń sọ pé ọjà àwọn kéré, kò kan NAFDAC, máa ń kábàámọ̀ lọ́jọ́ tí ọjà náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi.

Wáìnì inú ìgò náà kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àkúrẹ́ àti Oǹdó kì í fi ayẹyẹ ṣeré, ọjọ́ Sátidé kan lè ní ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìwúyè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn òde, ìgò wáìnì pupa tí wọ́n ti ṣí, tí wọn kò mu dé ìdajì, máa ń kún ilẹ̀. Àwọn alásè ló máa ń kó wọn kúrò. Ìgò tí wọ́n fi ìdérí dé, tí wọ́n sì gbé sínú fíríìjì, lè wúlò fún ìdáná fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Èyí tó wà nínú ìgò nìkan ni o, kì í ṣe èyí tó kù sínú ife tí ẹnu ti kàn. Ife kan wáìnì pupa nínú ọbẹ̀ ẹran màlúù, tí wọ́n bá tètè dà á sí i nígbà tí wọ́n ń dín ẹran àti àlùbọ́sà, tí wọ́n sì ṣí ìkòkò sílẹ̀ kó hó dáadáa kí tòmátò tó wọlé, máa ń jẹ́ kí omi ọbẹ̀ náà ki, kó sì dùn. Wáìnì dídùn kì í dára nínú ọbẹ̀ ata, ó sàn kí wọ́n fi ṣe kéèkì tàbí kí wọ́n fi rẹ èso gbígbẹ sílẹ̀ de oṣù Kejìlá.

Ọ̀pọ̀ alásè gbà pé bí iná bá ti kan ọtí, ọtí ti lọ tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn gbé jáde, tí wọ́n bá po ọtí mọ́ oúnjẹ tí wọ́n sì sè é fún ìṣẹ́jú 15, nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ọtí náà ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ìdá mẹ́rin kan ló kù. Lẹ́yìn wákàtí méjì àtààbọ̀, ó kù bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọtí inú ẹmu kò pọ̀ tó ti wáìnì, èyí tó sì máa kù nínú búrẹ́dì kéré gan-an, àmọ́ kò ṣeé pè ní òfo. Mùsùlùmí wà nínú àwọn oníbàárà, àwọn ìjọ Kristẹni tó kórìíra ọtí wà níbẹ̀, aláboyún wà níbẹ̀, ẹni tó ń lo oògùn tí dókítà ní kò gbọ́dọ̀ bá ọtí pàdé sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí oníṣòwò kọ ọ́ sára ọ̀rá búrẹ́dì pé ẹmu ni wọ́n fi wú u. Ẹni tó fẹ́ yóò rà á nítorí rẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ yóò mú òmíràn. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí oníbàárà bá fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni ilé búrẹ́dì náà fi máa wọ ìṣòro.

Ibì kan wà tí kò yẹ kí ẹmu àṣẹ́kù lọ láti ọwọ́ ẹni tó ń wá ọgbọ́n dá nílé, ibẹ̀ sì ni ìkòkò ògógóró. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò tíì gbàgbé oṣù Kẹrin ọdún 2015, nígbà tí èèyàn tó ju mẹ́wàá lọ kú ní Òde-Ìrèlè. Ojú àwọn kan kọ́kọ́ fọ́, kí ikú tó dé. Àwọn ará ìlú kọ́kọ́ ń sọ pé òrìṣà ló ń jà, àyẹ̀wò wá fi hàn pé methanol ni, ọtí olóró tí ojú lásán kò lè dá mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń mu. Nígbà tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ògógóró. Búrẹ́dì tí kò wú kì í pa ẹnikẹ́ni, fíníga tó bàjẹ́ kò ṣòro láti dà nù. Ọtí tí wọ́n fi iná sè láì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Gbogbo èyí wá já sí ọ̀rọ̀ àkókò. Ẹlẹ́mu mọ iye tó máa kù ní nǹkan bí aago méje alẹ́. Ilé búrẹ́dì máa ń po fúláwà rẹ̀ lálẹ́. Kò sí ìlú méjèèjì tí ìsọ̀ ẹlẹ́mu àti ilé búrẹ́dì ti jìnnà síra ju ibi tí ọ̀kadà lè gbé kẹ́ẹ̀gì dé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ì báà jẹ́ ní agbègbè Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ tàbí ní Yaba ní Oǹdó. Ohun tó kù ni pé kí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú: iye tí lítà kan yóò jẹ́, pé ẹmu ọjọ́ náà ni kì í ṣe ti ìjẹta, pé omi àti sákárínì kò sí nínú rẹ̀, àti ẹni tó máa ru òfò rẹ̀ bí kò bá wú. Ní ọjọ́ tí ọjà bá yá, tí ẹmu tán, ẹlẹ́mu kò ní ohun tó máa gbé wá, nítorí náà kí oníbúrẹ́dì má ṣe kó yíìsì páálí dànù. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò kò nílò ju lítà kan ẹmu àti kílò mẹ́ta fúláwà lọ. Kó fi ìyẹn ṣe búrẹ́dì díẹ̀, kó pín in fún àwọn oníbàárà rẹ̀ mẹ́wàá tó lẹ́nu jù, kó sì gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.